Owó Oṣù Kì Í Ṣe Òṣùwọ̀n Iṣẹ́

Nígbà tí ọkùnrin kan bá wá tọrọ ọmọ lọ́wọ́ ẹbí kan, ìbéèrè kìíní tó máa ń jáde lẹ́nu àwọn àgbà ni pé, "Iṣẹ́ wo ló ń ṣe?" Ìbéèrè tó dára ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká bá ara wa sọ òótọ́: kì í ṣe iṣẹ́ ọkùnrin náà la fẹ́ mọ̀, èló ló ń gbà lóṣù la fẹ́ mọ̀. Bí wọ́n bá ní báńkì ló ń bá ṣiṣẹ́, ojú gbogbo ilé á mọ́lẹ̀. Bí wọ́n bá ní tíṣà ni ní Ìpótì tàbí ní Ẹrinjíyàn, wọn á ní, "Ó dáa, Ọlọ́run á ṣe é," ṣùgbọ́n ohùn wọn á ti wálẹ̀. Bí ó bá wá jẹ́ àgbẹ̀ ńkọ́? Wọn á bèèrè pé kí ló tún ń ṣe mọ́ ọn.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, iyán tí wọ́n fi ṣe àlejò lọ́jọ́ náà, iṣu àgbẹ̀ ni. Ọmọbìnrin tó dìde ka lẹ́tà ìtọrọ láàárín èrò, tíṣà ló kọ́ ọ ní A, B, D.

Ohun tí mo fẹ́ ká jọ gbé yẹ̀wò nìyẹn. A ti sọ owó oṣù di òṣùwọ̀n, bí ẹni pé iye tí wọ́n ń san lórí iṣẹ́ kan ló ń sọ bí iṣẹ́ náà ti wúlò tó. Mo ní kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí owó oṣù ń sọ ni èrò àwọn tó ń pín owó nípa iṣẹ́ náà, ó sì ń sọ ibi tí òṣìṣẹ́ jókòó sí nígbà tí wọ́n ń pín in. Àwọn àgbà ti wí i tipẹ́: òṣìṣẹ́ wà nínú oòrùn, ẹni tí yóò jẹ ẹ́ wà ní ibòòji.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ìdí pilẹ̀. Kí owó tó gbòde, oríṣi ọ̀nà mẹ́ta ni àwọn baba wa ní Èkìtì, àti ní gbogbo ilẹ̀ Yorùbá, fi ń wá ọwọ́ kún ọwọ́ wọn. Àáró wà. Bí ọ̀dọ́kùnrin mẹ́fà bá kó ara wọn jọ, wọn á ro oko ẹnìkan lónìí, wọn á ro ti ẹnìkejì lọ́la, títí tí yóò fi kárí. Ọjọ́ kan ni wọ́n fi ń san ọjọ́ kan. Ọmọ olóyè kò ní sọ pé ọjọ́ tòun tó ọjọ́ mẹ́ta ti ọmọ tálákà. Ọ̀wẹ̀ wà. Bí àna ẹni bá ń kọ́lé, ẹni náà á pe àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ ràn án lọ́wọ́, oúnjẹ àti ẹmu ni wọn yóò fi tú wọn ká. Ẹ̀kẹta ni àgbàṣe, èyí tí wọ́n máa ń dá owó lé.

N kò ní kí ẹ rò pé ayé àtijọ́ dùn bí oyin o. Ìwọ̀fà wà nígbà náà. Wọ́n á yá owó lọ́wọ́ olówó, wọ́n á fi ọmọ dúró, ọmọ náà á máa ṣiṣẹ́ lóko olówó, gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ á sì jẹ́ èlé lásán. Bó lo ọdún mẹ́wàá níbẹ̀, owó tí wọ́n yá kò dín ní kọ́bọ̀ kan. Nítorí náà, kì í ṣe òyìnbó ló kọ́kọ́ kọ́ wa pé ẹni tó ń sanwó ló ń dá iye. Ṣùgbọ́n àáró fi hàn wá pé òṣùwọ̀n mìíràn wà: agbára ọjọ́ kan lára ọmọ ènìyàn.

Nígbà tí ìjọba wá di ọ̀gá tó tóbi jù lọ, ìjà ni wọ́n fi ń gba ẹ̀kúnwó. Ní June 1945, nígbà tí ogun Hitler ti sọ ọjà di ọ̀wọ́n gógó, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba daṣẹ́ sílẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè tí Michael Imoudu jẹ́ olórí wọn sì wà níwájú. Ní 1954, ìjọba ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ ní Ìwọ̀-Oòrùn sọ owó lébìrà rẹ̀ di ṣílè márùn-ún lójúmọ́. Ní June 1964, ìdaṣẹ́sílẹ̀ gbogbogbòò tún ṣẹlẹ̀ lórí àbọ̀ ìgbìmọ̀ Morgan. Ẹ kíyè sí i: iṣẹ́ tí àwọn ènìyàn yìí ń ṣe ṣáájú ìdaṣẹ́sílẹ̀ náà ni wọ́n ń ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Ojú irin kò gùn sí i, kòtò kò jìn sí i. Iye tó yí padà, ariwo ló yí i padà.

Ṣùgbọ́n kò sí èyí tó dà bíi Údójì. Àwọn òbí wa kò jẹ́ gbàgbé rẹ̀ láyé. Ní 1972 ni ìjọba ológun Gówọ́nù gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀, Olóyè Jerome Udoji ni alága rẹ̀, wọ́n sì jábọ̀ ní 1974. Owó òṣìṣẹ́ tó kéré jù lọ kúrò ní ₦312 lọ́dún, ó di ₦720. Wọ́n ní kí a kà á láti April 1974, nítorí náà nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í san án ní ìbẹ̀rẹ̀ 1975, owó oṣù púpọ̀ ló já wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Alùpùpù ńkọ́, rédíò ńkọ́, lésì ńkọ́! Títí di òní, bí owó ńlá bá já lu ènìyàn lójijì, àwọn àgbàlagbà mìíràn ṣì ń pè é ní Údójì.

Ọjà náà sì gbọ́. Àgbẹ̀ Arámọ̀kọ tí kò gba Údójì ra iyọ̀ ní owó Údójì. Kòkó tirẹ̀ ńkọ́? Bọ́ọ̀dù ìjọba ló ń dá iye rẹ̀, iye tí bọ́ọ̀dù náà sì ń san fún un kéré sí èyí tí wọ́n ń tà á lókè òkun. Títí wọ́n fi tú bọ́ọ̀dù kòkó ká ní 1986, àgbẹ̀ kò ní ẹnu níbi tí wọ́n ti ń dá owó òógùn rẹ̀. Lára owó kòkó yìí ni wọ́n ti ń san owó oṣù àwọn tó wà ní ọ́fíìsì. Ta ló wá wúlò jù nínú àwọn méjèèjì?

Ohun tí Údójì fi sílẹ̀ tó ṣì ń bá wa gbé ni àkàbà: lẹ́fẹ̀lì 1 dé lẹ́fẹ̀lì 17. Wọ́n kó mẹ́síńjà, akọ̀wé, nọ́ọ̀sì, tíṣà àti ọ̀gá àgbà sórí àkàbà kan ṣoṣo. Èrò tó dára ni lójú ìwé, nítorí kí ó tó dé, ohun gbogbo rí jágbajàgba. Ṣùgbọ́n kí ni wọ́n fi mọ ẹni tó yẹ kó wà lókè? Ìwé ẹ̀rí àti ipò ló wúwo jù nínú ìdíwọ̀n náà. Kíá ni ìjà bẹ́. Àwọn dókítà àti àwọn ẹnjiníà ní wọ́n fi àwọn sábẹ́ àwọn alákòóso tí iṣẹ́ wọn kò ju ìwé kíkọ lọ. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ aládàáni ní àwọn náà fẹ́ jẹ níbẹ̀. Ìdaṣẹ́sílẹ̀ gba ìlú kan ní oṣù àkọ́kọ́ ọdún 1975, ìjọba sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í fi kún un níhìn-ín, ó ń fi kún un lọ́hùn-ún. Ẹ jọ̀ọ́, bí iye tí wọ́n kọ síwájú orúkọ iṣẹ́ bá jẹ́ òṣùwọ̀n tòótọ́, báwo ni ẹni tó pariwo lọ́sẹ̀ yìí ṣe ń di ẹni tó wúlò sí i lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀?

Ohun kan tún wà tí àwọn ènìyàn kì í sábà rántí. Àbọ̀ Údójì kò dá lórí owó nìkan. Ó sọ̀rọ̀ púpọ̀ nípa bí iṣẹ́ ìjọba yóò ṣe dán mọ́rán, tí a ó máa fi àbájáde iṣẹ́ mọ òṣìṣẹ́. Apá owó ni gbogbo wa kó, a fi apá iṣẹ́ sílẹ̀ sínú àpótí.

Ẹ wá jẹ́ ká bọ́ sórí owó oṣù tó kéré jù lọ, èyí tí òfin là sílẹ̀. Ní 1981, lẹ́yìn tí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ NLC lábẹ́ Hassan Sunmonu daṣẹ́ sílẹ̀, ó di ₦125 lóṣù. Ó di ₦18,000 ní 2011, ó di ₦30,000 ní 2019, ó sì di ₦70,000 ní July 2024. Gbogbo wa máa ń gbọ́ ọ lórí rédíò, a sì máa ń pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ló mọ̀ pé òfin yìí ní ọgbà yíká, tí àwọn tó wà lẹ́yìn ọgbà náà sì pọ̀ ju àwọn tó wà nínú rẹ̀ lọ?

Òfin 2019 ní ilé-iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò bá pé 25 kò sí nínú ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ àbọ̀ ọjọ́ kò sí níbẹ̀. Ẹni tí wọ́n ń sanwó fún lórí iye tó bá ṣe kò sí níbẹ̀. Iṣẹ́ tó ní àsìkò, irú bí iṣẹ́ oko, kò sí níbẹ̀.

Ẹ wá fi òfin yìí sọ́wọ́, kí ẹ bá mi gba ọ̀nà Adó lọ. Ẹ jẹ́ ká kọjá Ìyìn àti Ìgèdè, ká dé Arámọ̀kọ, ká yà sí Ìjerò, ká padà gba Ìtawúrè já sí Ẹ̀fọ̀n-Aláayè láàárín àwọn òkè rẹ̀. Obìnrin tó ń bẹ ẹ̀gẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣe gàrí, iye agbọ̀n tó bẹ ni wọ́n ń san fún un: òfin kò mọ̀ ọ́n. Alágbàṣe tó ń ro oko kòkó, iṣẹ́ àsìkò ló ń ṣe: òfin kò mọ̀ ọ́n. Télọ̀ tó ní ọmọọ̀ṣẹ́ mẹ́rin, bírìkìlà àti àwọn lébìrà mẹ́fà tó ń po sìmẹ́ńtì fún un: òfin kò mọ̀ wọ́n. Ọ̀dọ́kùnrin tó ń fi dígà wa ilẹ̀ ní kùsà Ìjerò, ohun tí ó bá rí ni yóò jẹ. Bẹ́ẹ̀, kọ́lọ́ḿbáìtì àti tántáláìtì wà nínú ilẹ̀ Ìjerò, inú tántáláìtì sì ni wọ́n ti ń yọ irin kan tí wọ́n fi ń ṣe fóònù. Fóònù tí ẹ fi ń pe ara yín pé ẹ̀kúnwó ti dé, ọwọ́ irú ẹni tí ẹ̀kúnwó kò kàn ni òkúta rẹ̀ ti kọ́kọ́ jáde.

Èyí tó dùn mí jù ni ti tíṣà ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni. Ká ní ilé-ẹ̀kọ́ kan ní tíṣà méjìlá, akọ̀wé kan àti ọdẹ kan. Ènìyàn mẹ́rìnlá nìyẹn. Bí olówó ilé-ẹ̀kọ́ náà bá ń fún tíṣà ní ₦25,000 lóṣù, kò tíì rú òfin owó oṣù yìí rárá. Tíṣà náà yóò ṣiṣẹ́ odidi oṣù mẹ́ta kó tó rí ₦75,000, nígbà tí ẹni tó ń gbá ọ́fíìsì ìjọba ti gba ₦70,000 tirẹ̀ lóṣù kan. N kò sọ pé owó agbálẹ̀ ti pọ̀jù o. Kò tó òun náà. Ohun tí mo ń sọ ni pé kò sí ẹni tó lè dìde kó sọ fún mi pé kíkọ́ ọmọ ogójì ní ìwé kíkà wúlò ju gbígbá yàrá lọ, kó sì tọ́ka sí owó oṣù bí ẹ̀rí.

Ti tíṣà ìjọba ńkọ́? Èkìtì yìí la sọ̀rọ̀ rẹ̀, ilẹ̀ tó ń fi ìwé yangàn láàárín gbogbo ọmọ Yorùbá. Ta ló sọ wá di bẹ́ẹ̀? Nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn ní January 1955, iye ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fò láti nǹkan bíi 457,000 sí 811,000 láàárín ọdún kan. Àwọn tíṣà ló gbé ẹrù náà. Àwọn àgbẹ̀ ta kòkó àti iṣu láti fi rán ọmọ wọn lọ sí ilé-ìwé gíga, àwọn tíṣà sì kó àwọn ọmọ náà dé ẹnu ọ̀nà. Ẹ̀bùn tí wọ́n gbà ni òwe òyìnbó tí gbogbo wa mọ̀: èrè tíṣà ń bẹ lọ́run. Mo ti ń wá ìdí tí kò fi sí ẹni tó ń sọ pé èrè sẹ́nétọ̀ ń bẹ lọ́run.

Ní 2012, ìjọba Èkìtì ní kí àwọn tíṣà wá ṣe ìdánwò kí a lè mọ ibi tí wọ́n kù sí. Àwọn tíṣà kọ̀ jálẹ̀, ọ̀rọ̀ náà di ìjà òṣèlú tó bá ìjọba náà dé ibi ìdìbò 2014. N kò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni; tíṣà tí kò mọ̀wé kò yẹ ní kíláàsì. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó tẹ̀ lé e. Ní 2016, gbèsè owó oṣù pọ̀ dé ibi pé àwọn òṣìṣẹ́ ìpínlẹ̀ náà daṣẹ́ sílẹ̀. A kánjú láti wọn ìmọ̀ tíṣà, a kò kánjú láti san owó rẹ̀. Ní October 2020, ìjọba àpapọ̀ ṣèlérí owó oṣù àrà ọ̀tọ̀ fún tíṣà, wọ́n sì sọ ọdún ìfẹ̀yìntì wọn di 65 dípò 60. Òfin ọdún ìfẹ̀yìntì ti jáde ní 2022. Ìyẹn ni pé ọdún tí tíṣà yóò fi ṣiṣẹ́ ti kọ́kọ́ gùn ní tirẹ̀.

Mo mọ ohun tí ẹlòmíràn yóò sọ. Yóò ní, "Ọ̀gbẹ́ni oníwèé ìròyìn, kì í ṣe gbogbo iṣẹ́ ló rí bákan náà. Dókítà lo ọdún mẹ́fà ní yunifásítì. Ẹni tó bá ṣọ̀wọ́n ló ń wọ́n. Ẹni tí ẹrù rẹ̀ wúwo ló yẹ kó gba owó tó wúwo." Òótọ́ wà níbẹ̀, mo sì gbà á. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n san iye kan náà fún dókítà àti mẹ́síńjà rẹ̀. Bí ẹ̀kọ́ gígùn kò bá ní èrè, ta ni yóò fara da á?

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fi òfin tiwọn yìí dán ara wọn wò. Ní 2018, Sẹ́nétọ̀ Shehu Sani la ẹnu, ó ní yàtọ̀ sí owó oṣù, sẹ́nétọ̀ kọ̀ọ̀kan ń gba ₦13.5 mílíọ̀nù lóṣù fún ìnáwó iṣẹ́. Ìnáwó iṣẹ́ ni wọ́n pè é o, wọn kò pè é ní owó oṣù. Ṣùgbọ́n ₦18,000 ni owó òṣìṣẹ́ tó kéré jù nígbà náà. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: oṣù 750 ni òṣìṣẹ́ náà yóò fi ṣiṣẹ́ kó tó rí i. Ọdún 62 àti oṣù mẹ́fà nìyẹn, láìjẹun, láìsanwó ilé. Ṣé sẹ́nétọ̀ ṣọ̀wọ́n ni? Ìgbà tí ìdìbò bá dé, ẹ wo bí àwọn tó fẹ́ ṣe é ti ń tò lọ rẹrẹ. Tíṣà ẹ̀kọ́ físíìsì tó gbà láti gbé ní ìgbèríko ló ṣọ̀wọ́n, owó rẹ̀ kò sì tìtorí ìyẹn lọ sókè.

Ẹrù tó wúwo ńkọ́? Nígbà tí kòrónà dé ní 2020, tí ìjọba sé ìlú mọ́, ta ni wọ́n ní kó má dúró sílé? Nọ́ọ̀sì, dókítà, awakọ̀ tó ń kó oúnjẹ, àwọn tó ń kó ilẹ̀. Owó ewu tí dókítà ìjọba àpapọ̀ ń gbà lóṣù nígbà tí àrùn náà wọlé kò ju ₦5,000 lọ, December 2021 ni wọ́n tó ṣe àtúnṣe rẹ̀. Ní ọjọ́ tí ọ̀ràn dójú ẹ̀, a mọ iṣẹ́ tí a kò lè ṣe aláìní. Ọjọ́ kejì tí ọ̀ràn rọlẹ̀, a padà sórí àkàbà wa.

Èkìtì fúnra rẹ̀ ní àpẹẹrẹ tó dájú pé ojú tí à ń fi wo iṣẹ́ lè tanni jẹ. Agbọ́nbíòfẹ́ Adéṣínà ti Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, tó kú ní 1945, ló gbẹ́ àwọn òpó ààfin Aláayè. Ọlọ́wẹ̀ Ìsẹ̀ gbẹ́ ilẹ̀kùn ààfin Ògògà ní Ìkẹ́rẹ́. Nígbà tí wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà lọ sí ìpàtẹ Wembley ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1924, ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ti Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ gbà á. Ògògà gbà láti fi ṣe pààrọ̀ àga oyè kan tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Lọ́jọ́ náà, àga kan ni iye rẹ̀. Lónìí, àwọn ènìyàn ń ti gbogbo àgbáyé wá wo ilẹ̀kùn Ọlọ́wẹ̀. Ta ló ń bèèrè àga?

Kí ni kí a wá ṣe? Àkọ́kọ́, kí àwọn aṣòfin wó ọgbà 25 yẹn. Bí ilé-ẹ̀kọ́ bá lè gba owó lọ́wọ́ òbí, ó yẹ kó lè dé ìwọ̀n kan fún tíṣà. Ẹni tí wọ́n sì ń sanwó fún lórí agbọ̀n tàbí lórí ebè, ẹ jẹ́ ká ṣírò ohun tí yóò rí bó bá ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, kí a wò ó bóyá ó tó ọjọ́ kan nínú owó tí òfin là sílẹ̀. Òṣùwọ̀n àáró náà nìyẹn, ọjọ́ kan fún ọjọ́ kan. Èkejì, kí ìjọba ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ wá ilé tó dáa fún tíṣà tó bá gbà láti gbé ní ìgbèríko, kí wọ́n sì san owó rẹ̀ lásìkò. Owó tó pẹ́ kó tó dé, ọjà ti jẹ lára rẹ̀.

Ẹ̀kẹta kàn èmi àti ẹ̀yin. Àwa tí à ń bú ìjọba, èló là ń san fún ọmọ ọ̀dọ̀? Ìgbà wo la san owó alágbàfọ̀? Àwa òbí tó ń yọ̀ pé owó ilé-ẹ̀kọ́ kan rọjú, ṣé a ti bèèrè pé lára ta ni wọ́n ti gé e? Ẹ sì jẹ́ ká jáwọ́ nínú ọ̀rọ̀ "lásán" yìí: tíṣà lásán, àgbẹ̀ lásán, nọ́ọ̀sì lásán. Ẹnu wa la fi ń kọ́kọ́ gé owó wọn kí ìjọba tó gé e.

Nítorí pé àwọn ọmọ ń gbọ́ o. Ọmọ tí orí rẹ̀ pé jù ní kíláàsì ní Ìjerò ti mọ iṣẹ́ tí òun kò ní ṣe láéláé, nítorí ó ti rí bàtà tíṣà rẹ̀. Bí gbogbo àwọn tí orí wọn pé bá sá fún iṣẹ́ yìí, àwọn tí kò rí ibòmíràn lọ ni yóò ṣẹ́kù láti kọ́ni. Dókítà tí yóò tọ́jú wa lọ́jọ́ ogbó wà ní praimárì báyìí, ní Ẹ̀fọ̀n tàbí ní Arámọ̀kọ. Ta ló ń kọ́ ọ, èló la sì ń san fún un?